Àwẹ̀ Tó Ń Jẹun Lẹ́ẹ̀mẹta

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí bàbá Kátólíìkì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ibi mẹ́ta ni kẹ́ ẹ ti wádìí, èsì mẹ́ta lẹ ó sì gbà. Ẹ wádìí níbi iṣẹ́ ìjọba: ẹni ọdún 56 ni, ó ṣì ku ọdún mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì. Ẹ wádìí lọ́jọ́ àwẹ̀ Lẹ́ńtì: ó ti lé ní 60, ẹ ò rí i bó ṣe ń di ògiri mú kó tó dìde ni? Ẹ wá dúró di ọjọ́ kẹta Iléyá, ọjọ́ Ojúde Ọba, lójúde Awùjalẹ̀, kẹ́ ẹ wo regbéregbé tó bá wọ agbo. Ibẹ̀ ni gbogbo irọ́ ti ń tú. Ọdún tí wọ́n bíni ni wọ́n fi ń to ẹgbẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jó lẹ́yìn onílù, tó fẹ́ wọ aṣọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ dá, àfi kó gba ọjọ́ orí rẹ̀ bó ṣe jẹ́ gan-an. Mo ti rí òṣìṣẹ́ ìjọba ẹni ọdún 56 tó ń jó láàárín àwọn tó ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì tipẹ́, tí wọ́n ń pe ara wọn ní "ẹgbẹ́ mi", tí òógùn sì ń bọ̀ lójú gbogbo wọn bákan náà.

Ọ̀rọ̀ Lẹ́ńtì yẹn ni ká kọ́kọ́ yanjú, torí òfin gan-an ló ba àwọn bàbá wa jẹ́. Òfin Ìjọ sọ pé láti ọdún 18 títí èèyàn á fi pé 59 ni àwẹ̀ Ọjọ́rú Eérú àti ti Ọjọ́ Ẹtì Mímọ́ jẹ́ dandan. Apá yìí, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n sórí. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé àìjẹ ẹran ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 14, kò sì ní òpin. Bí o pé 100, tó jẹ́ pé eyín kan ṣoṣo ló kù sí ọ lẹ́nu, eyín yẹn ò gbọdọ̀ kan ẹran lọ́jọ́ náà. Mi ò tíì rí bàbá kan tó rántí apá yìí.

Àwẹ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀ ńkọ́? Oúnjẹ kan ní àjẹyó, àti kékeré méjì mìíràn tí àpapọ̀ wọn ò gbọdọ̀ tó oúnjẹ kan. Ó ṣeé ṣe kí èyí yé wọn dáadáa ní Róòmù. Ní Ìjẹ̀bú, níbi tí ẹ̀gbọ́n ti jẹ́ Alhaji, tí àbúrò jẹ́ Àgùdà, tí wọ́n sì jọ ń gbé inú ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀, ìjà ló ń dá sílẹ̀. Ẹ má sì rò pé àwọn ará ìsàlẹ̀ nìkan ló da ẹ̀sìn pọ̀ mọ́ ẹbí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Dáyósíìsì Ìjẹ̀bú-Òde sílẹ̀ lọ́dún 1969, Bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tó jókòó lórí àga ibẹ̀ ni Anthony Sálíù Sànúsí. Ẹ tún un pè: Anthony, Sálíù, Sànúsí. Orúkọ méjì nínú mẹ́ta ti kírun kí wọ́n tó dé Mísà.

Ní 2025, Ramadan bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹta, Ọjọ́rú Eérú sì bọ́ sí ọjọ́ karùn-ún oṣù yẹn. Àwẹ̀ pàdé àwẹ̀. Ní agboolé kan tí mi ò ní dárúkọ, torí pé mo ṣì fẹ́ máa jẹun níbẹ̀, Alhaji jókòó sábẹ́ ìbòòji láti àárọ̀, ètè rẹ̀ ti funfun, kò gbé itọ́ mì. Àbúrò rẹ̀ ti Mísà aago mẹ́fà dé tòun ti eérú lórí, ó ní ebi ń pa òun. Ó mu ẹ̀kọ. Nígbà tó di ọ̀sán, ó bu gààrí.

"Àbúrò," ni Alhaji wí, "mo rò pé o ní ò ń gbààwẹ̀."

"Mo ń gbà á, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ni mo wá rí yìí?"

"Kékeré ni. Òfin wa gbà wá láyè kékeré méjì, ká tó jẹ ńlá kan lálẹ́."

Alhaji ronú díẹ̀. "Ìyẹn jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni o, àmọ́ pẹ̀lú ìrora ọkàn."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gààrí Ìjẹ̀bú, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Gààrí tó kan, tó kúnná, tó gbẹ dáadáa, ife kan péré ló bù sínú abọ́. Ife kan kéré, mo gbà. Ṣùgbọ́n ó da omi lé e, ó fi ọmọrí bò ó, ó lọ ka ìwé ìròyìn. Nígbà tó fi máa ṣí i, gààrí ti wú dé etí abọ́, omi ò sí lókè rẹ̀ mọ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé gé. Ìgbà tí wọ́n bù ú ni àbúrò fi ṣírò, kì í ṣe ìgbà tó wú. Ó ní ti pé ó wú kò sí lọ́wọ́ òun, iṣẹ́ Ọlọ́run ni.

Nígbà tó wá di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n pe ìrun Mọ̀gáríbì, ta ló kọ́kọ́ dé ìdí ìṣínu? Ẹni tó ti jẹun lẹ́ẹ̀mejì ni. Alhaji ṣì ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́. Wọ́n ní Alhaja ló gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ rán an létí pé ẹran wà nínú ọbẹ̀ náà, pé òun ti gbọ́ pé àwọn Àgùdà kì í jẹ ẹ́ lọ́jọ́ eérú. Àlàáfíà àárín ẹ̀sìn méjèèjì mì díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bóyá ẹ̀yin ìyá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ dúró, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ìyá Kátólíìkì Ìjẹ̀bú-Òde ló jókòó sí ìdájọ́ lórí pọ̀nmọ́. Ọjọ́ Ẹtì gbogbo nínú Lẹ́ńtì, wọn kì í jẹ ẹran. Ẹja ò burú, ẹyin ò burú. Ìyá yìí ti ọjà Òkè-Ajé dé, ó tú báàgì, pọ̀nmọ́ bọ́ sílẹ̀, èyí tó nípọn, tí wọ́n ti fọ̀ tó mọ́ lóló. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ Kọmúníọ̀n àkọ́kọ́ ní, "Mọ́mì, Katikíìsì ní ká má jẹ màlúù lónìí." Ìyá ní, "Ta ló ń jẹ màlúù? Ṣé ẹran nìyí? Awọ ni. Awọ náà ni bàtà Fadá, ṣé o ti gbọ́ rí pé Fadá wọ ẹran lọ sí ibi pẹpẹ?" Ọmọ náà panu mọ́. Ẹ̀kọ́ Katikíìsì ò dé orí bàtà.

Kí ẹ má bàa rò pé Ìjẹ̀bú nìkan ló gbọ́n, ẹ gbọ́ tàwọn ará Venezuela. Ẹranko kan wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń pè ní capybara, ó tóbi ju ọ̀yà lọ fíìfíì, ó nírun, ó lẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ṣùgbọ́n ó máa ń lúwẹ̀ẹ́. Nítorí pé ó ń lúwẹ̀ẹ́, Lẹ́ńtì gan-an ni àwọn Kátólíìkì ibẹ̀ máa ń jẹ ẹ́ jù, wọ́n kà á mọ́ ẹja. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ìròyìn yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin, torí gbogbo ọ̀yà tí wọ́n bá pa láti ọjọ́ yẹn lọ ni wọ́n máa sọ pé ó ń ré odò kọjá nígbà tí ìbọn bà á.

Ti pé kí èèyàn jìyà lọ́jọ́ Ẹtì tiẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ní ká yé jẹ ẹran ni kí ẹnu wa lè mọ̀ pé nǹkan kan dín. Kí ni ìyá wá sè dípò rẹ̀? Ìkọ́kọrẹ́. Ó rin ewùrà, ó fi iyọ̀ díẹ̀ pò ó. Epo pupa ti ń hó lórí iná pẹ̀lú ata, ẹja gbígbẹ tí wọ́n ti ṣa egungun rẹ̀ kúrò, edé, àti ìgbín tó ti fi omi ọsàn wẹẹrẹ fọ̀. Ó ń fi ọwọ́ dá ewùrà náà sínú ọbẹ̀ ní wóró-wóró, ó de ìkòkò, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi síbí rò ó kó má bàa di àmàlà. Nígbà tó fi máa jinná, òórùn rẹ̀ ti dé ilé kẹta, àwọn ọmọ aládùúgbò tí kì í ṣe Àgùdà ti ń wá "kí wa". Ọmọ ilé wa kan tiẹ̀ gbàdúrà kí gbogbo ọjọ́ di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ wá wo ìrònúpìwàdà tó ń lá ọwọ́.

Àwọn ará Èkó ní frèjọ̀n tiwọn ní Ọjọ́ Ẹtì Mímọ́, ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n fi omi àgbọn sè, tí àwọn bàbá ńlá wọn kó ti Brazil bọ̀. Ìyá wa dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Bàbá tọ́ ọ wò, ó gbé síbí sílẹ̀, ó ní ẹ̀wà tó ń dùn bíi súwíìtì kò lè jẹ́ ti Jésù. Wọ́n padà sídìí ewùrà.

Bàbá kan náà ni mo ní lọ́kàn nísinsìnyí. Láti ìgbà tí Farooq Oreagba ti gun ẹṣin pẹ̀lú awò dúdú lójú ní Ojúde Ọba 2024, tí àwòrán rẹ̀ sì gba gbogbo ayé kan, bàbá yìí ti ra awò dúdú tiẹ̀. Ẹṣin ni kò ní. Nítorí náà, Mísà ló ń wọ̀ ọ́ lọ. Katikíìsì bi í léèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá ojú ń dùn ún. Ó ní rárá, ìmọ́lẹ̀ ilé Ọlọ́run ló pọ̀. A gbà á gbọ́ títí di Sunday tí Fadá parí ìwàásù, tí gbogbo ìjọ dìde láti ka Ìgbàgbọ́, tí ẹnì kan ṣoṣo ṣì jókòó lórí bẹ́ǹṣì, tí awò rẹ̀ ń wo ọ̀kánkán, tí ẹnu rẹ̀ sì là díẹ̀.

Àmọ́ kò sẹ́ni tí í wọ awò dúdú nídìí Rósárì, torí alẹ́ ni.

Fadá Patrick Peyton, ọmọ Ireland tó lo ayé rẹ̀ fún Rósárì ìdílé, ló sọ ọ́ di mímọ̀ káyé pé ìdílé tó bá ń gbàdúrà pọ̀ á wà pọ̀. Òótọ́ ni. Kò kàn sọ fún wa pé wọ́n á máa sùn pọ̀ nídìí ẹ̀ ni. Aago mẹ́jọ alẹ́, wọ́n á gbé Màríà Ìyá Jésù sórí tábìlì kékeré, wọ́n á tan àbẹ́là, gbogbo wa á kúnlẹ̀. Orí ẹní ni Màmá Àgbà kúnlẹ̀ sí. Bàbá kúnlẹ̀ sídìí àga, ó fi ìgbáròkó ti àga náà, a kì í sì mọ ìgbà tí ìkúnlẹ̀ ń di ìjókòó. "Mo kí ọ Màríà" 53 ló wà nínú Rósárì kan. Bàbá máa ń bá wa ka 13.

Àbíkẹ́yìn ilé ló ń ṣáájú ẹẹ̀wá kẹta, ó sì ń kà á pẹ̀lú eré àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí rédíò. Kí Màmá Àgbà tó sọ "Àmín" sí ìkínní, ó ti dé ìkẹta. Màmá Àgbà ní kó padà sẹ́yìn, Màríà ò sá lọ. Nígbà náà ni iná dé. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, àmọ́ ọmọ Àgùdà tó wà ní àárín "Mo kí ọ" lè pariwo "Up NEPA!" kó sì parí gbólóhùn Màríà láìmí. Bàbá ta jí, ó rò pé a ti parí, ó ṣe àmì àgbélébùú ńlá, ó ní, "Ẹ kú àdúrà o. Oúnjẹ dà?"

Ọjọ́bọ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ máa ń dá, torí ọjọ́ ìjà ni. Lọ́dún 2002, Póòpù John Paul Kejì fi ohun ìjìnlẹ̀ márùn-ún ti Ìmọ́lẹ̀ kún Rósárì, ó sì dábàá Ọjọ́bọ̀ fún wọn. Bàbá ò gbà. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n nà án kó tó há sórí nílé ìwé mísọ́nnì ló mọ̀, ó ní ta ló fẹ́ wá nà án nítorí márùn-ún mìíràn lọ́jọ́ ogbó. Ẹ ṣàkíyèsí pé ó ti di arúgbó báyìí. Bẹ́ẹ̀ ẹni ọdún 56 ni níbi iṣẹ́.

Lẹ́yìn ẹẹ̀wá karùn-ún ni Màmá Àgbà ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ tiwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú dìde. Fún Póòpù. Fún Bíṣọ́ọ̀bù. Fún ọmọ wọn tó wà ní London tí kò pè láti oṣù kan. Fún ìyàwó rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó pè. Fún ẹni tó gbé ìrin ewùrà wọn lọ tí kò dá a padà, kí Ọlọ́run fi ọkàn rere sí i nínú kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹni náà wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín wa. Ó ta gìrì.

Ìrin yẹn ti kọjá lọ́dọ̀ Antóníọ̀ Mímọ́ kó tó di ẹ̀bẹ̀ gbangba. Antóníọ̀ ti Padua kú lọ́dún 1231, kò sì tíì sinmi láti ìgbà náà, torí òun ni gbogbo Kátólíìkì ayé ń pè bí nǹkan bá sọnù. Ọ̀nà táwọn Ìjẹ̀bú ń gbà pè é ló yàtọ̀. Bí awò ojú ìyá bá sọnù, yóò ṣèlérí 2,000 náírà fún àpótí àwọn aláìní. Yóò wá yàrá, kò rí i, yóò sọ ọ́ di 3,000. Tí ọmọ bá wá ní, "Mọ́mì, orí yín ló wà," yóò fọwọ́ kàn án, yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò ní, "Antóníọ̀ kọ́ ló bá mi rí i nígbà yẹn, ìwọ ni." Ọmọ náà ò sì rí kọ́bọ̀ gbà.

Ti ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, mi ò ní sọ púpọ̀, àṣírí ni. Mo kàn fẹ́ bẹ àwọn ìyá wa kan pé ẹ̀ṣẹ̀ tiyín ni kẹ́ ẹ máa jẹ́wọ́. Ẹni tó lo ìṣẹ́jú ogún nínú àpótí ìjẹ́wọ́, tó fi méjìdínlógún nínú rẹ̀ ka ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ, tó lo méjì tó kù lórí ti ìyá ọkọ, kí ni Fadá fẹ́ fún un ní ìrònúpìwàdà lé lórí? Ẹ rántí pé ìlà gùn lẹ́yìn yín, pé àwọn bàbá tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nítorí Àjíǹde ló tò síbẹ̀, ìgboyà wọn kì í sì í pẹ́ kó tó tán.

Mo ti fi ìkórè sẹ́yìn, torí ibẹ̀ ni ara Ìjẹ̀bú ti ń yá jù. Àwọn kan ń sọ kiri pé Ìjẹ̀bú fẹ́ràn owó. Irọ́ ni, owó ló fẹ́ràn wa. Ọjọ́ Saturday, bàbá kan dúró lọ́jà Òkè-Ajé, ó ń ná ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Wọ́n pè é ní 1,500, ó ní 700. Ìyá ọlọ́jà ní 1,200. Bàbá yí ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà wò nídìí, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní àwọn olè ni wọ́n, ó lọ. Ọjọ́ kejì, níbi ìkórè ìjọ, wọ́n gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí kò tó ti àná jáde fún gbànjo. Alága ní, "Ẹgbẹ̀rún márùn-ún! Ta ló fẹ́ ẹ?" Ọkùnrin kan tó jókòó níwájú, tó sì jẹ́ ẹni tó fi ọkọ̀ tuntun wá sí Mísà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, na ọwọ́. Bàbá wa náà na ọwọ́. Mẹ́wàá. Ogún. Ìyàwó ń fa agbádá rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì, agbádá ń ya. Ọgbọ̀n. Àwọn akọrin ti dìde, onílù ti ń ki baba ńlá rẹ̀. Nígbà tó di 50,000 náírà, ọkùnrin iwájú rọra gbé ọwọ́ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó jókòó. Àtẹ́wọ́ sán. Wọ́n gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó lé bàbá wa lọ́wọ́, ó gbé e sókè bí ife ẹ̀yẹ.

Alága ní, "Ẹ̀gbọ́n, kéèṣì ni àbí tránsífà?"

Bàbá ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n bẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó kan, iyọ̀ ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Ìkórè mìíràn ti ń bọ̀ báyìí, orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé akápò ìjọ, ojú ewé kan náà pẹ̀lú ti ẹni tó gba odidi agbọ̀n àgbàdo ní 20,000 àti ti ẹni tó gba àkùkọ tó ti kú báyìí. Fadá ti kéde rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, akápò ti kéde rẹ̀ láìrẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ san owó gbànjo yín kí wọ́n tó ka orúkọ jáde. Tó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ orí lẹ fẹ́ fi bẹ̀bẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà tẹ́ ẹ sọ níbi iṣẹ́.